Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Stem Cell Tí Wọ́n Ń Tà Fún Wa

 Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ojú kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ ní kí ọmọ kan kà á sí yín létí.

Láàárín oṣù kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ìpolówó stem cell ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n ní ó ń wo orúnkún tó ń dunni, ó ń wo ojú, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀, ó sì ń sọ àgbà di ọmọdé. Nígbà àkọ́kọ́, mo pa á rẹ́. Nígbà kejì, mo tún pa á rẹ́. Nígbà kẹta, mo rántí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo sì sọ fún ara mi pé n kò ní dákẹ́ mọ́. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ó ń dùn mí dòní.

Àbúrò mi yìí, ọmọ ìyá mi ni, aṣọ ló ń tà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń lọ sí kílíníìkì, ara rẹ̀ sì ń ṣe déédéé. Nígbà tó yá, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn mú páálí kan wá, àwọn ìdì pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, bí ìdì mílíìkì. Wọ́n ní stem cell ni, kí ó máa dà á sí abẹ́ ahọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó páálí kan ju owó oògùn oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń tà á wá sọ ọ̀rọ̀ tó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ní stem cell yóò ṣe ẹ̀yà ara tuntun tí yóò máa pèsè ínsúlínì, nítorí náà kí ó fi oògùn òyìnbó sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì má bàa bá ara wọn jà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí páálí náà lórí fíríìjì rẹ̀, mo sì bi í pé kí ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, stem cell ni, ó ń tún ara ṣe." N kò mọ̀ pé ó ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì béèrè. Ẹni tó tà á fún un, èèyàn wa ni, a jọ máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí òde ni. Mo ní kí n má di ẹni tí ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bàtà tuntun bó o lẹ́sẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan. Egbò náà kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, kò tilẹ̀ dùn ún, torí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, egbò kò jiná. Ó ń dà stem cell sí abẹ́ ahọ́n, ó ń dúró de ìwòsàn. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ-ìka náà ti dúdú. Wọ́n gé e. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, bi í pé, "Mà, ta ló ní kí ẹ fi oògùn yín sílẹ̀?" Àbúrò mi wo ojú mi. Èmi ni mo wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí stem cell. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni pátápátá. Mo rí i pé kì í ṣe irọ́, ohun tó sì jẹ́ kí ìtànjẹ yẹn lágbára nìyẹn. Ìdajì òótọ́ ni wọ́n ń tà fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdajì tó kù.

*Kí ni stem cell?*

Sẹ́ẹ̀lì tín-tìn-tín ni a fi kọ́ ara wa, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń gbó, wọ́n sì ń kú. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Awọ ìta ara wa ń pààrọ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Awọ tó bo inú ìfun tilẹ̀ ń pààrọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ta ló ń bí àwọn tuntun tó ń rọ́pò wọn? Stem cell ni. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ni mo máa ń pè é. Bó bá pín sí méjì, ọ̀kan lè dúró kí ó máa jẹ́ ìyá lọ, kí èkejì lọ kọ́ iṣẹ́: kó di ẹ̀jẹ̀, kó di awọ, kó di irun. Nínú mùdùnmúdùn eegun wa, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì pupa ni àwọn ìyá yìí àti ọmọ wọn ń pèsè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín 1961 sí 1963 ni James Till àti Ernest McCulloch, ní ìlú Toronto ní Kánádà, fi hàn lára eku pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti inú mùdùnmúdùn eegun lè bí oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí àwọn ọlọ́jà ń parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti rí i pé ó lágbára? Ẹ ra tiyín."

*Ilé tí sẹ́ẹ̀lì ìyá ń gbé*

Ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan. Bí sẹ́ẹ̀lì ìyá bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kó hu irun sínú ìfun wa? Ta ló ń sọ fún un pé kó bímọ lónìí, kó sinmi lọ́la?

Ní 1978, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Raymond Schofield, ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn pé kí a má wo sẹ́ẹ̀lì náà nìkan, kí a wo ibi tó ń gbé. Ó ní àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa jẹ́ ìyá. Bí ó bá kúrò láàárín wọn, yóò dàgbà di sẹ́ẹ̀lì lásán bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀rín pa mí. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ wo inú ìfun. Nísàlẹ̀ àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ìyá jókòó, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń jẹ́ Paneth sì há a sí àárín. Àwọn Paneth yìí ló ń fún un ní èròjà tó ń sọ fún un pé, "Máa bímọ lọ." Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ sẹ́ẹ̀lì ìyá náà ni àwọn Paneth. Òun ló bí wọn, àwọn ló wá ń tọ́jú rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ẹ tún wo gbòǹgbò irun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ kò ju kí wọ́n hu irun lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gé awọ tó wà nítòsí, ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn á sì gòkè wá bá awọ pa ojú egbò dé. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí ara rán sí wọn ló yí padà.

*Báwo ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?*

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo lè ṣàlàyé. Èkíní, aládùúgbò máa ń tu èròjà jáde, sẹ́ẹ̀lì ìyá sì ní ohun kan lára tó dà bí etí, tó fi ń gbà á. Etí tí kò bá bá èròjà mu kò ní gbọ́ nǹkan kan. Èkejì, ìfarakanra: wọ́n di ara wọn mú, bí ìyá tó fọwọ́ tẹ ọmọ léjìká pé kó má tíì dìde. Ẹ̀kẹta, bí ibi tí wọ́n jókòó sí bá ṣe rọ̀ tàbí le tó. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà mú irú sẹ́ẹ̀lì ìyá kan láti inú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí oríṣi ibùsùn mẹ́ta. Èyí tó wà lórí ibùsùn tó rọ̀ bí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èyí tó wà lórí èyí tó le díẹ̀ bí ẹran ara ń jọ ẹran ara. Èyí tó wà lórí èyí tó le jù lọ ń tọ ọ̀nà eegun. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ni gbogbo wọn o!

Sẹ́ẹ̀lì ìyá náà ń fèsì. Ó ń rán iṣẹ́ padà sí ẹ̀jẹ̀ àti àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, pé kí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá sì parí, àdúgbò á ní, "Ó tó." Gbólóhùn "ó tó" yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá gbọ́ ọ mọ́, ọ̀nà jẹjẹrẹ ló ń tọ̀.

*Bí a bá gbé e sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ńkọ́?*

Ní 2012, ìwé ìròyìn Scientific American gbé ìtàn obìnrin kan jáde, ní ìpínlẹ̀ California, ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ó fẹ́ kí ojú òun dán bí ti ọ̀dọ́. Wọ́n fa ọ̀rá láti ikùn rẹ̀, wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì ìyá inú rẹ̀, wọ́n gún un sí ojú rẹ̀, títí kan àyíká ẹyinjú. Wọ́n tún gún èròjà kan tí wọ́n fi ń dí ìhunjọ mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé là láìsí ìrora, ó sì ń dún kẹ́-kẹ́. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ là á, eegun wẹ́wẹ́ ló bá nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Èròjà tí wọ́n fi dí ìhunjọ yẹn, irú ohun tó wà nínú eegun ló wà nínú rẹ̀. Ó jọ pé ó sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá náà pé, "Ẹ di eegun," wọ́n sì gbọ́ràn. Ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún o, ẹ má gbàgbé.

Ní 2015, ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 72 sí 88 sanwó kí wọ́n lè fi irú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tọ́jú ojú wọn. Ojú méjèèjì ni wọ́n gún lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo wọn ló ń ríran dé ìwọ̀n kan kí wọ́n tó lọ. Ojú gbogbo wọn bàjẹ́ kọjá bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì fọ́jú.

Bí sẹ́ẹ̀lì ara ẹni bá lè ṣe báyìí nítorí pé kò sí nílé, kí ni ti ìdì tí à ń dà sí abẹ́ ahọ́n? Àwọn kan nínú páálí yìí, àkọlé wọn fúnra rẹ̀ sọ pé láti ara èso ápù tàbí àjàrà ni. Sẹ́ẹ̀lì èso kò gbọ́ èdè ara èèyàn. Ohunkóhun tó bá sì gba ọ̀nà ọ̀fun dé inú, inú á dà á bó ti ń da ẹ̀wà àti ẹja. Kò ní sẹ́ẹ̀lì ìyá kankan tí yóò ti ibẹ̀ lọ jókòó sínú orúnkún.

*Èyí tó jẹ́ òótọ́*

Ìtọ́jú stem cell tó jẹ́ òótọ́ wà. Èyí tó ti fìdí múlẹ̀ jù ni pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, tí E. Donnall Thomas gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1990. Wọ́n ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń fi wo àwọn kan tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ìyẹn SS. Ní 2011, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe é fún ọmọdékùnrin kan tó ní àrùn náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ pẹ̀lú, sẹ́ẹ̀lì ìyá wà. Ní 1988, ní Paris, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ìkókó kan tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rántí gbogbo ìwọ́ tí mo ti gé àti ibi ọmọ tí mo ti dì fún àwọn bàbá ọmọ láti lọ rì mọ́lẹ̀.

Ẹ wo bí ilé ṣe ṣe pàtàkì nínú ìtọ́jú yìí. Wọn kì í gún sẹ́ẹ̀lì náà sínú eegun. Ojú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, bí a ti ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Òun ló ń wá ilé rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò inú eegun ń tu èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CXCL12, sẹ́ẹ̀lì ìyá sì ní etí tó gbọ́ ọ. Bó ti ń bá ẹ̀jẹ̀ kọjá, á gbọ́ ìpè, á yà sínú eegun, á jókòó. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn líle sọ àyè di òfìfo nínú eegun, sẹ́ẹ̀lì náà sì gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tó ń gbà á mu, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ ìyá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni aláìsàn ń lò ní ilé ìwòsàn, ewu sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní i nínú páálí, ẹ bi í pé ta ló ṣí ilé fún un.

*Ọ̀rọ̀ àbúrò mi*

Ohun tí mo wá lóye nípa ẹsẹ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ kí ẹ rántí jù. Sẹ́ẹ̀lì ìyá wà nínú awọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí egbò kò fi jiná. Kò nílò láti rà á. Ilé tí wọ́n ń gbé ló bàjẹ́. Nígbà tí ṣúgà pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ kì í dé ojú egbò bó ti yẹ. Ó ń pa iṣan ìmọ̀lára, ara kò sì ní tètè mọ̀ pé òun fara pa. Ariwo ìjàm̀bá tó yẹ kó dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á máa dún lọ, àṣẹ pé "ẹ wá kọ́ ilé" kò ní dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ti inú eegun jáde wá ṣèrànwọ́, wọn kì í jáde dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ wà, ìránṣẹ́ ni kò dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmọ-ìka náà, wọ́n fún un ní ínsúlínì, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ egbò rẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárín oṣù méjì, awọ tuntun ti ń rìn bọ̀ láti etí egbò, títí ojú rẹ̀ fi pa dé. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ara rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ọwọ́ mi kàn án, mo sì sunkún.

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí mú:*

1. Ẹ má ṣe fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà. Dókítà yín nìkan ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

2. Ẹni tó bá ń ta stem cell, ẹ bi í: Láti ara ta ni tàbí kí ni wọ́n ti mú un? Báwo ni yóò ṣe dé ibi tó ń dùn mí? Kí ni yóò sọ fún un pé ó tó? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì di àpò owó yín mú.

3. Ẹ tún ilé ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ìyá tí Ọlọ́run ti fún yín. Ẹ mú ṣúgà wálẹ̀, ẹ máa rìn, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ sá fún sìgá àti aáṣáà.

4. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ba, ẹ ní kí ọmọ wò ó fún yín. Egbò kékeré tí kò dunni ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.

5. Bí ẹ bá rí páálí lórí fíríìjì àbúrò yín, ẹ béèrè. Bí ó bá bínú, kó bínú.

Kí n tó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, mo kà á fún àbúrò mi. Mo ní bí kò bá fẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀, n óò yọ ọ́ kúrò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi síbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tiwa náà."

Mo ti fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tiyín. Ara yóò le o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé.